Èèkù Ọ̀bẹ: Ìtàn Ibi tí Irin ti Pàdé Igi

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìdáná kan ní Dada Estate, ní ìlú Òṣogbo, lè rí ọ̀bẹ oríṣìí méjì nínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni èyí tí ó ti òkè òkun wá, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike dúdú tí ń dán. Èkejì ni ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ funfun níbi tí òkúta ti pọ́n ọn, èèkù rẹ̀ sì jẹ́ igi tí epo, omi àti àtẹ́lẹwọ́ ti sọ di ohun tí ń yọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ iṣu bíbó tàbí egungun gígé, èkejì yìí ni ọwọ́ ìyàwó ilé sábà máa ń nà sí. Bí a bá bi í pé kí ni ó so irin náà mọ́ igi láti iye ọdún tí ó ti ń lò ó, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rò títí di ọjọ́ tí irin bá yọ. Ní ọjọ́ náà ọ̀bẹ di ohun ẹ̀rù. Irin lè fò lọ bá ẹni tí ó jókòó tì í, tàbí kí ó yí padà kí ó gé ọwọ́ ẹni tí ó mú un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó rò pé òun tó tán ni a máa ń pa òwe yìí fún, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́ sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ó fo ohun kan. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó di òwe, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò parí nígbà tí irin bá kúrò nínú iná. Ó ku iṣẹ́ ẹni tí ó mọ igi bí alágbẹ̀dẹ ti mọ irin. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìtàn irin ní ilẹ̀ Yorùbá kọ ọ́ bí ẹni pé ojú ọ̀bẹ nìkan ni ọ̀bẹ. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Igi a máa jẹrà nínú ilẹ̀, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Irin ni ó ń kù fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Síbẹ̀, irin tí ó kù náà kò dákẹ́ nípa igi tí ó ti jẹrà. Ìdí ọ̀bẹ, èyí tí ó tín-ín-rín tí ó wọ inú èèkù, tí a sì lè pè ní ìrù ọ̀bẹ, wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó ti gùn tó, bí ó ti nípọn tó, àti bí a ti ṣe orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí irú èèkù tí ó ti wà níbẹ̀ rí, àti sí bí irin ti wọ́n tó ní ọjọ́ tí a rọ ọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, nítorí Yorùbá kò pe gbogbo ohun tí a fi ń di irin mú ní orúkọ kan náà. Ẹ̀rú ni ti ọkọ́ àti ti àáké. Èèkù ni ti ọ̀bẹ, ti idà àti ti àdá. Ẹ̀rú jẹ́ ohun gígùn tí a ń gbé sókè kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀. Èèkù jẹ́ ohun kúkúrú tí àtẹ́lẹwọ́ kan gbá mú tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀bẹ wé ọkọ́, ìyàtọ̀ kan wà tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ. Nínú ọkọ́ ilẹ̀ wa, alágbẹ̀dẹ a máa ká etí irin wálé láti fi ṣe ihò, orí ẹ̀rú a sì wọ inú rẹ̀: irin ni ó gbé igi mì. Ní gbogbo ìgbà tí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ bu ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń ti irin mọ́ igi ni. Nínú ọ̀bẹ, igi ni ó gbé irin mì. Ẹni tí ó ń fa ọ̀bẹ yọ nínú iṣu tàbí lára egungun ń fa irin kúrò nínú igi pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá sì yí ọwọ́, ó ń la igi náà díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Iṣẹ́ tí ọkọ́ ń ṣe a máa mú oríkèé rẹ̀ le sí i; iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń ṣe a máa jà láti tú tirẹ̀. Nítorí náà ni èèkù fi gba ọgbọ́n púpọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré lójú.

Kò sì yani lẹ́nu pé èèkù ni Yorùbá fi ṣe àmì agbára, kì í ṣe ojú idà. Wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Ẹni tí ó di ojú idà mú, ara rẹ̀ ni ó gé.

Ní ayé àtijọ́ irin wọ́n ní ilẹ̀ yìí. Inú òkúta ni àwọn baba ńlá wa ti ń yọ ọ́: wọ́n a wa òkúta náà, wọ́n a fọ́ ọ, wọ́n a sì sun ún pẹ̀lú èédú nínú ìléru amọ̀ títí irin yóò fi ya ara rẹ̀ kúrò lára ìdàrọ́. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tẹ ìròyìn jáde nípa ìletò kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí ó pè ní Ola-Igbi, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sun irin ní ojú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an, Ìsúndúnrìn lẹ́bàá Èjìgbò jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a mọ̀ mọ́ ìléru àtijọ́, àwọn onímọ̀ sì ti yẹ ìdàrọ́ wò ní Modákẹ́kẹ́ pẹ̀lú. Ní 1977, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé David Adéníjì jáde lórí irin wíwà àti irin sísun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé igi tí a sun di èédú, omi tí a pọn, àti òru tí a kò sùn kí irin díẹ̀ tó jáde, kì í ṣe kékeré. Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà tí a ń pè ní Ògún Ládìn, tí ìtàn sọ pé ti alágbẹ̀dẹ Odùduwà ni. Ní ayé tí irin wọ́n bẹ́ẹ̀, ìlú tí ó lè fi irin tí ó tóbi tó ìyẹn sílẹ̀ láìfi rọ ọkọ́ kì í ṣe ìlú tálákà.

Irin tí ó bá wọ inú igi jẹ́ irin tí kò gé nǹkan. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni alágbẹ̀dẹ àtijọ́ níláti rò ní gbogbo ìgbà tí ó bá mú ẹ̀mú. Bí ó bá fi irin púpọ̀ sí ìrù, ojú ọ̀bẹ yóò kéré. Bí ó bá fi díẹ̀ sí i, ìrù yóò kán tàbí kí ó yọ. Ọ̀nà tí ọgbọ́n là fún un ni pé kí ó fa ìrù náà gùn kí ó sì tín-ín-rín, kí ó wá fi ìyókù ẹrù náà lé igi lórí. Èyí ni pé níbi tí irin bá ti wọ́n, ẹni tí ó gbẹ́ igi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá. Lóòótọ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ àwọn Òyìnbó ti ń wá sí etí òkun ni ọ̀pá irin ti wà lára ọjà tí wọ́n ń kó bọ̀; ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, apá kan pàtàkì nínú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ra ẹrú ni ó ti ilẹ̀ Swídìn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti etí òkun dé Òṣogbo àti Iléṣà jìn, owó ibodè sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Irin tí ó bá dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí, níbi tí wọ́n bá ti ṣe é dáradára. Ẹwìrì a fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n. Alágbẹ̀dẹ a fi ẹ̀mú gbé e sórí òkúta, a sì fi ọmọ owú lu ìdí rẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìrù rẹ̀ lè ní igun mẹ́rin. Ìrù róbótó kò dára, nítorí yóò máa yí nínú igi bí ẹni yí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Òwe ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nídìí ọ̀bẹ, kì í ṣe àpèjúwe rárá, ìrù ni ó ń fà yọ. Ibi tí ojú ọ̀bẹ ti pín sí ìrù, tí ó dà bí èjìká, ni ó gba ìfarabalẹ̀ jù. Bí ó bá gé èjìká náà ní igun gbọnrangandan, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ yóò ti kán lọ́jọ́ kan. Bí ó bá rọ ọ́ kí ó yípo díẹ̀, agbára yóò pín ká. Nígbà tí ó bá sì ń ri ọ̀bẹ bọ omi kí ó lè le, ojú rẹ̀ nìkan ni ó ń rì. Ìrù gbọ́dọ̀ rọ̀. Irin tí ó le a máa mú, ṣùgbọ́n ó lè kán. Irin tí ó rọ̀ a máa tẹ̀ kí ó tó kán.

Ó wá ku igi. A ó ti gbẹ́ èèkù náà tẹ́lẹ̀, kí ó fẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ó má baà yọ lọ́wọ́, a ó sì fi irin tín-ín-rín lu ihò sí àárín rẹ̀ gan-an. Ihò yìí gbọ́dọ̀ kéré ju ìrù ọ̀bẹ lọ. Nígbà náà ni a ó ti ṣóńṣó ìrù bọ iná, tí a ó sì fi àkísà tútù di ojú ọ̀bẹ pọ̀, nítorí bí ooru bá rìn dé ojú rẹ̀, líle tí omi fún un yóò lọ, ọ̀bẹ náà kò sì ní mú mọ́. A ó ti ìrù gbígbóná náà bọ inú ihò. Èéfín yóò rú, igi yóò máa jó níbi tí irin bá kàn án, ihò yóò sì gba ìrísí ìrù náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. A ó yọ ọ́, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó tún ti i díẹ̀ sí i. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò jẹ́ kí irin pọ́n jù, yóò sì jó o wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú, ó wọlé dáradára. Ṣùgbọ́n èédú ni ó yí irin ká nínú ihò náà, èédú kì í sì í di nǹkan mú. Kí oṣù kan tó pé, èédú náà yóò ti di ìyẹ̀fun, ọ̀bẹ yóò sì máa mì bí eyín arúgbó.

Ìdajì ihò tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni iná ń ṣe. Agbára ni ó ń ṣe ìyókù, nígbà tí irin bá ti tutù. Níhìn-ín ni ọgbọ́n kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu. Kì í ṣe pé a gbé èèkù kalẹ̀ kí a máa lu ojú ọ̀bẹ wọlé. A ó di èèkù mú lófuurufú, ojú ọ̀bẹ yóò kọjú sí ilẹ̀ láìkan ohunkóhun, a ó wá máa fi òòlù igi lu ìdí èèkù lókè. Ìwúwo irin kò ní jẹ́ kí ó tètè bá igi lọ. Bí a ti ń lu igi ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ bo irin, títí èjìká ọ̀bẹ yóò fi kan ẹnu èèkù.

Irú igi tí a lò ṣe pàtàkì. Ọ̀mọ̀, tí àwọn onílù fẹ́ràn, rọ̀ jù fún èèkù. Yóò gba irin wọlé ní kíákíá, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kíákíá. Àyìn le, ó sì wúwo. Igi ọsàn kún, kì í sì í tètè là. Bí a bá gbẹ́ èèkù nígbà tí igi ṣì tutù, yóò rọrùn fún ọ̀bẹ láti gbẹ́, ṣùgbọ́n yóò sún kì nígbà tí ó bá gbẹ, ó sì lè là láti ẹnu dé ìdí. Igi tí ó ti gbẹ lábẹ́ àjà ni ó dára. Síbẹ̀, igi tí ó gbẹ náà kò kú tán. Ní àkókò òjò, tàbí bí a bá fi ọ̀bẹ sínú abọ́ omi mọ́jú, igi náà yóò wú. Ṣùgbọ́n irin kò ní fún un láyè, nítorí náà ara rẹ̀ yóò tẹ̀ mọ́ irin. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí igi gbẹ padà, ibi tí ó tẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò, àlàfo yóò sì ṣí. Nítorí èyí ni púpọ̀ èèkù fi ń tú ní ìgbà ọyẹ́, tí àwọn ènìyàn a sì tún lọ ri wọ́n bọ omi kí wọ́n lè le. Yóò le lóòótọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tú ju ti ìṣáájú lọ.

Láti dènà lílà, a máa ń fi òrùka irin tàbí ti idẹ sí ọrùn èèkù. Níbi tí irin bá ti wọ́n, awọ a máa ṣe iṣẹ́ náà: a ó rẹ awọ sínú omi, a ó rán an mọ́ igi nígbà tí ó tutù, bí ó bá sì ti ń gbẹ ni yóò máa fún igi lọ́rùn. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ìrù gùn ju èèkù lọ, kí ó yọ ní ìdí rẹ̀, kí a sì tẹ ṣóńṣó rẹ̀ padà sára igi. Ọ̀bẹ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè yọ àyàfi bí igi bá là. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin, nítorí náà ohun tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ ni a sábà ń ṣe é sí.

Idà ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn níhìn-ín. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Òṣogbo, wọ́n sì fi òpin sí ìrìn àwọn ẹlẹ́ṣin sí ìhà gúúsù. Ẹni tí ó ń fi idà ṣá nǹkan láti orí ẹṣin kò ní àǹfààní láti wo èèkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà sọ pé idà ni Odùduwà fún Ajíbógun, ẹni tí ó lọ bu omi òkun wá fún ojú rẹ̀ tí ó fọ́, tí àwọn Ọwá Iléṣà sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá. Samuel Johnson náà kọ ọ́ pé idà Ọ̀rányàn ni a ń gbé lé Aláàfin lọ́wọ́ nígbà tí ó bá gorí oyè. Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ohun tí ọwọ́ kan ni a fi ń fúnni ní àṣẹ. Nígbà tí ogun Kírìjì (1877 sí 1893) bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà pẹ̀lú Ìbàdàn, ìbọn ti gba iwájú, idà sì ti ń di ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olóyè. Ọ̀bẹ àti àdá kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ní 1907 ojú irin dé Òṣogbo, irin sì yí padà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ní orí àwọn aláàárù wá ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àdá tí a ti ṣe tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdá alámì ọ̀nì, iṣẹ́ ilé Ralph Martindale tí a dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1874, di ohun tí àwọn àgbẹ̀ kókò mọ̀ dáradára. Àdá wọ̀nyí kò ní ìrù tí ó wọ inú igi. Irin rẹ̀ gùn títí dé ìdí èèkù, ó sì fẹ̀ tó èèkù náà. Pákó méjì ni a fi há a láàárín, tí a sì fi ìṣó gbá a pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ilé iṣẹ́ tí irin pọ̀ fún nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa wò ó, wọ́n sì rí i pé ó rọrùn: kò sí jíjó igi, kò sí lílu ìdí èèkù lófuurufú. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wá pọ̀, tí irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ sì di ohun tí a lè rà ní ìwọ̀n owó díẹ̀, wọ́n ní irin tó láti ṣe irú rẹ̀. Irin sípíríǹgì dára fún ọ̀bẹ gan-an. Ó le, ó sì ń di mímú rẹ̀ mú.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà ìgbàanì ti ilẹ̀ wa jẹ́ ọ̀nà àìlajú nìkan, kí ó wo Sheffield. Ní ìlú náà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn alọ́bẹ ti gba ìwé àṣẹ láti 1624, ọ̀bẹ orí tábìlì tí ó ní èèkù egungun tàbí eyín erin ní ìrù tín-ín-rín gẹ́gẹ́ bí tiwa. Oje igi gbígbẹ tí wọ́n yọ́ lórí iná, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun bíríkì, ni wọ́n ń dà sínú ihò kí wọ́n tó ti ìrù bọ̀ ọ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú, omi gbígbóná ni ọ̀tá: ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sínú omi gbígbóná yóò yọ́ oje náà, èèkù yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun kan ni ó yàtọ̀. Ní Sheffield, ẹni tí ń rọ irin, ẹni tí ń lọ̀ ọ́, àti ẹni tí ń fi èèkù sí i jẹ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, olúkúlùkù sì ní orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ń fi èèkù sí ọ̀bẹ kò ní orúkọ.

Bóyá ohun tí ó ṣe iṣẹ́ náà ní ibi nìyẹn. Nígbà tí P. C. Lloyd kọ̀wé ní 1953 lórí ètò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú Yorùbá, ó fi hàn pé inú agbo ilé ni iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ wà, tí ọmọ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ baba, tí àwọn àgbà iṣẹ́ sì ń pàdé lórí ọ̀ràn iye owó. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní agbo ilé tirẹ̀. Ògún ni àwọn méjèèjì ń bọ, nítorí pé irin ni ó ń gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n agbo ilé wọn kò papọ̀. Èèkù ọ̀bẹ bọ́ sí àárín. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó ń ṣe é nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ra irin náà ni ó ń lọ gbẹ́ igi tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ọkùnrin ilé ti mọ igi, ètò yìí kò ní àbùkù. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí gbẹ́nàgbẹ́nà di káfíńtà tí ń kan ìlẹ̀kùn àti àga, iṣẹ́ tí kò ní orúkọ ni ó kọ́kọ́ sọnù, kò sì sí ẹni tí ó kéde pé ó ti sọnù.

Àwọn alágbẹ̀dẹ náà ń yí padà. Àṣírù Ọlátúndé, tí a bí ní Òṣogbo ní 1918 sí ìdílé alágbẹ̀dẹ, fi àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ nítorí àìlera; ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ohun ọ̀ṣọ́ bàbà kéékèèké, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sì ni Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn àwòrán tí ó lù sára páànù alumíníọ̀mù rìn káàkiri ayé kí ó tó kú ní 1993. Ọwọ́ tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ọmọ owú kàn ni ó fi ṣe wọ́n. Wọ́n kọ̀wé púpọ̀ nípa àwòrán wọ̀nyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bèèrè nípa ọ̀bẹ àti àdá inú irú agbo ilé tí ó ti jáde kò pọ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Òṣogbo láti máa yí irin. Ó dà bí ẹni pé ìlú náà kò ní ṣaláìní irin mọ́ láé. Ṣùgbọ́n irin ilé kíkọ́ ni ó wà fún, irú irin bẹ́ẹ̀ sì rọ̀ jù fún ojú ọ̀bẹ. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá sípíríǹgì kiri.

Nítorí náà, bí èèkù bá yọ lára ọ̀bẹ ní Dada Estate, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n lè fi rọ́bà inú táyà di í pọ̀ mọ́ igi náà, yóò sì máa mì lábẹ́ rọ́bà. Wọ́n lè gbé e lọ fún àwọn tí ń jó irin pọ̀, kí wọ́n jó páìpù kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. Páìpù náà kò ní yọ mọ́, ṣùgbọ́n ooru iná náà lè rìn dé ojú ọ̀bẹ kí ó sì ba líle rẹ̀ jẹ́, páìpù tí epo bá sì kàn ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n gbé e padà lọ sí àgbẹ̀dẹ. Níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ onírù, alágbẹ̀dẹ yóò fọ́ igi àtijọ́ dànù, yóò ha èédú àti ìpẹtà kúrò lára ìrù, yóò sì mú igi titun. Ọ̀bẹ tí a gbá pọ̀ mọ́ pákó kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti tún ṣe, nítorí omi a máa wọ àárín pákó àti irin, ìpẹtà a sì máa jẹ ẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Ọ̀bẹ onírù kan lè lo èèkù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó kúrò nínú ilé. Bí òkúta ti ń pọ́n ọn lọ́dọọdún ni ojú rẹ̀ ń tín-ín-rín, títí kò fi ní lè gé egungun mọ́, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ilá rírẹ́. Ìrù rẹ̀ tí ó wà nínú igi ṣì gùn bí ó ti gùn ní ọjọ́ tí a rọ ọ́.